Irú LSD tó wà nínú dífù yín ló máa sọ ọ́ìlì tí ẹ máa rà

Àwọn tó ń to kit car máa ń pè mí lórí fóònù láti inú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á dúró síwájú ibi tí wọ́n to ọ́ìlì sí, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n mú?" Èmi náà á bi wọ́n pé irú LSD wo ló wà nínú dífù wọn, ìyẹn àpótí gíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Bí mi ò bá ti gbọ́ èsì, mo máa ń ní kí wọ́n fi owó wọn sápò, kí wọ́n padà sílé lọ gbé ọkọ̀ náà sókè ná. Differential tí kì í jẹ́ kí táyà kan ṣoṣo máa yí lásán, èyí tí gbogbo wa ń pè ní LSD, oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nínú irú ọkọ̀ yìí: aláwo, viscous, àti onígíà bíi ti Quaife tàbí Torsen. Iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò sì jọra. Ọ́ìlì tó ń tún ọ̀kan ṣe lè sọ òmíràn di dífù lásán.

Coventry ni mo ń gbé. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kí n tó wá sí Ìlú Ọba, àmọ́ ibí ni mo ti mọ kit car, ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní ẹyọ-ẹyọ, tí ẹni tó rà á á tò ó fúnra rẹ̀ nínú gáréèjì, tí á sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò IVA kí ìjọba tó jẹ́ kó wọ títì. Púpọ̀ nínú wọn ló fara jọ Lotus Seven tí Colin Chapman gbé jáde lọ́dún 1957. Caterham ló ra ẹ̀tọ́ láti máa ṣe é lọ́dún 1973, àwọn bíi Westfield náà sì ń ṣe èyí tó jọ ọ́. Ọkọ̀ kékeré ni, ó fúyẹ́, gbogbo ohun tí títì bá ń ṣe ni ìdí yín máa gbọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ọkọ̀ olówó ńlá èyíkéyìí lọ.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ta kókó ni pé kò sí ìwé kan ṣoṣo tó sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Férémù wá láti ibì kan, ẹ́ńjìnnì láti ibòmíì, dífù sì wá láti ara Ford Sierra tàbí Mazda MX-5 tí wọ́n ti tú palẹ̀. Ìwé Sierra lè sọ ohun tí Ford fi sínú dífù yẹn nígbà tí ọkọ̀ náà ṣì jẹ́ tuntun. Kò lè sọ ohun tí ẹni tó ni ín kẹ́yìn fi rọ́pò rẹ̀. Mo ti ṣí dífù Sierra kan tí ẹni tó tà á búra pé aláwo ni. Quaife ni mo bá nínú rẹ̀. Bí a bá ti lọ ra ọ́ìlì lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni yẹn, à bá ti fi owó ṣòfò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀

Ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì kúrò nílẹ̀. Ẹ gbé e lé sítáàńdì, ẹ má fi sílẹ̀ lórí jáàkì nìkan. Ẹ fi nǹkan di táyà iwájú, ẹ tú háńdíbíréèkì sílẹ̀, ẹ fi gíà sí nútírà, kí ẹ wá fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn kan, kí ẹ sì máa wo èkejì.

Bí èkejì bá ń yí sí òdìkejì, dífù lásán ni, tàbí LSD onígíà, irú ti Quaife tàbí Torsen. Bí méjèèjì bá jọ ń yí sí ọ̀nà kan náà, aláwo ni tàbí viscous. Láti mọ èwo nínú méjì yẹn, ẹ ní kí ẹnì kan di táyà kejì mú gírígírí, kí ẹ wá gbìyànjú láti yí èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Viscous á gbà fún yín díẹ̀díẹ̀, á máa lọ tìmẹ́dò-tìmẹ́dò. Bí ẹ bá ṣe fẹ́ yára tó ló ṣe máa le sí i tó. Aláwo ò ní mira rárá títí agbára yín á fi tó iye kan, ìgbà náà ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ já, tí á sì máa yí pẹ̀lú ìwúwo kan náà.

Àyẹ̀wò ọwọ́ yìí dára, ṣùgbọ́n kò tó láti fi búra. Aláwo tí àwo rẹ̀ ti jẹ tán máa ń ṣe bíi dífù lásán. Àwọn onígíà kan sì wà tí wọ́n fi sípíríǹgì sí nínú, tí táyà méjèèjì á fi jọ máa yí sí ọ̀nà kan náà bíi ti aláwo. Nítorí náà, bí dífù náà bá ṣì wà lórí tábìlì, tí ẹ kò tíì so ó mọ́ férémù, ẹ tú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí i. Bí ẹ bá rí àwọn àwo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tò léra, tí etí wọn yọ síta lójú fèrèsé àpótí rẹ̀, aláwo ni. Bí ẹ bá rí àwọn gíà gígùn tí eyín wọn lọ́, tí wọ́n sùn sínú ihò inú àpótí, onígíà ni. Ìlù irin tí wọ́n dí pa, tí kò sí ohun tí ẹ lè rí nínú rẹ̀, viscous nìyẹn.

Aláwo: ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí

Èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré máa ń fẹ́, òun náà sì ni ọ́ìlì rẹ̀ gba ìrònú jù. Ìdajì àwọn àwo rẹ̀ so mọ́ àpótí dífù, ìdajì tó kù so mọ́ ọ̀pá tó ń yí táyà. Bí agbára bá ti ẹ́ńjìnnì wọlé, á tẹ àwọn àwo náà mọ́ra, táyà méjèèjì á sì fẹ́ máa yí pọ̀. Bí ẹ bá ń kọrí sí kọ́nà, táyà ìta gbọ́dọ̀ rìn ju tinú lọ, àwọn àwo náà sì gbọ́dọ̀ yọ̀ lórí ara wọn díẹ̀.

Inú ọ́ìlì kan náà ni àwọn àwo yìí àti eyín crown wheel pẹ̀lú pinion wà, ìyẹn gíà ńlá àti kékeré tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ dífù, ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ lọ́wọ́ ọ́ìlì kò bára mu. Pinion inú dífù yìí kò dojú kọ àárín crown wheel gan-an, ó lọ sísàlẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ hypoid. Eyín wọn ń fi ara ha ara wọn lábẹ́ ẹrù tó wúwo, débi pé ọ́ìlì lásán á fún jáde láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po èròjà tó ní imí-ọjọ́ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sínú ọ́ìlì dífù, kó lè fi ìpele kan bo irin nígbà tí eyín bá gbóná. Imí-ọjọ́ yẹn ló ń rùn nígbà tí ẹ bá ṣí kóòkì rẹ̀. Orúkọ ìwọ̀n tó fọwọ́ sí irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ ni API GL-5. Dífù hypoid èyíkéyìí, ìbáà ní LSD, ìbáà má ní, GL-5 ni kí ẹ wò lára ike rẹ̀. GL-4 ò tó o.

Àmọ́ GL-5 nìkan kò tẹ́ àwọn àwo lọ́rùn. Ẹ fi ìka tútù wọ́ ara gíláàsì fífọ̀, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dún: ìka á dì, á já, á tún dì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn àwo náà ń ṣe nínú GL-5 lásán. Ẹ ó máa gbọ́ ọ ní gọ̀-gọ̀-gọ̀ lábẹ́ ìjókòó bí ẹ bá ń rọra yí sínú ibi ìgbọ́kọ̀sí, gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé dífù ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́; ohun tí ọ́ìlì náà kò ní ni friction modifier, èròjà tó ń jẹ́ kí àwo yọ̀ wọ́ọ́rọ́ dípò kí ó máa dì kó máa já.

Ọ̀nà méjì ló wà láti fún un. Èkíní ni kí ẹ ra ọ́ìlì tí wọ́n ti pò ó mọ́, tí wọ́n kọ LS tàbí Limited Slip sí lára. Èkejì ni kí ẹ ra GL-5 tí kò ní in, kí ẹ wá fi ìgò kékeré friction modifier kún un fúnra yín. Èyí tó lókìkí jù ni XL-3 ti Ford, ìgò rẹ̀ jẹ́ mílílítà 118. Ẹ ka ara ike dáadáa, torí orúkọ máa ń jọra. Red Line 75W90 ní friction modifier nínú. Red Line 75W90NS kò ní. Lẹ́tà méjì péré ló yà wọ́n. Ní ti Motul, 90 PA ni wọ́n pò fún LSD aláwo.

Fún ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì, ẹ mú LS kí ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ má da XL-3 kún ọ́ìlì LS kí ẹ tó wà á wò. Bí friction modifier bá pọ̀ jù, àwọn àwo á máa yọ̀ nígbà tó yẹ kí wọ́n di ara wọn mú, táyà inú á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán ní kọ́nà, owó tí ẹ san lórí LSD á sì wọmi. Ohun tó ti wọnú ọ́ìlì kò ṣeé yọ mọ́ àfi kí ẹ fà gbogbo rẹ̀ jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá ń pò ó fúnra rẹ̀, kó fi díẹ̀ sí i, kó wà á, kó tẹ́tí, bó bá ṣì ń dún kó fi díẹ̀ kún un.

Bí ẹ bá sì ti rọ ọ́ tán, ẹ má retí pé ariwo á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ náà títí dífù á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ wá ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo, kí ẹ máa rọra yí i bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí àwọn àwo bá ṣe ń yọ̀ lórí ara wọn ni ọ́ìlì tuntun ń ráyè wọ àárín wọn. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó ṣèdájọ́. Bí àwọn àwo bá jẹ́ tuntun, ẹ tètè pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́ náà, torí ẹ̀rúnrún irin á ti pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń gbé ọkọ̀ tirẹ̀ lọ sí Curborough, nítòsí Lichfield, láti fi ṣe sprint, ìdíje tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá sáré tí wọ́n sì ń fi aago wọ̀n ọ́n. Òun kò kọ gọ̀-gọ̀-gọ̀. Friction modifier tó kéré ló fẹ́, kí àwọn àwo lè tètè di ara wọn mú nígbà tó bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, torí ọkọ̀ yẹn kì í lọ sí ọjà. Ẹni tó ra LSD aláwo tuntun lọ́wọ́ àwọn bíi Tran-X tàbí Gripper, ìwé tó bá dífù wá ni kó tẹ̀ lé, kódà bó bá yàtọ̀ sí ohun tí mo kọ síbí. Àwọn ló mọ irú àwo tí wọ́n fi sí i.

Viscous àti onígíà

Ọ̀rọ̀ viscous kò gùn. Àwo wà nínú tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n inú ìlù tí wọ́n dí pa ni wọ́n wà, inú omi silikónì ni wọ́n sì ń yí. Ọ́ìlì tí ẹ bá dà sínú dífù kò ní kàn wọ́n láéláé. Eyín crown wheel àti pinion nìkan ni ẹ ń ra ọ́ìlì fún, GL-5 tó mọ́ ti tó. LS kò ní bà á jẹ́, àmọ́ kò sí ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀. Irú èyí ló wà nínú Sierra XR4x4, òun náà ló sì wà nínú àwọn MX-5 1.6 àkọ́kọ́ tó ní LSD. Bí omi inú ìlù bá ti kú nítorí ọjọ́ orí, tí táyà kan ń yí lásán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọ́ìlì fún yín gẹ́gẹ́ bí ìwòsàn. Ìlù yẹn gan-an ni kí ẹ pààrọ̀.

Onígíà ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Vernon Gleasman, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe iṣẹ́ tó di Torsen, ọdún 1958 ni. Kò sí àwo nínú rẹ̀. Bí agbára bá wọlé, àwọn gíà rẹ̀ tí eyín wọn lọ́ á tì ara wọn, wọ́n á sì fi orí àti ẹ̀gbẹ́ ha ara àpótí. Híha yẹn gan-an ni LSD náà. Òun ló ń dá agbára padà sọ́dọ̀ táyà tó di ilẹ̀ mú. Bí ẹ bá wá da friction modifier sí i, ohun tí dífù náà fi ń ṣiṣẹ́ ni ẹ ń dín kù. Nítorí náà, GL-5 tí kò ní LS ni kí ẹ lò fún Quaife àti Torsen. Ìyẹn ló fà á tí 75W90NS tí mo dárúkọ lókè fi wúlò.

Àwọn kan á wá sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo lo ọ́ìlì tí ẹ ní kí n lò, síbẹ̀ táyà kan ń yí lásán nígbà tó gbéra nílẹ̀." Dífù onígíà kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń sọ agbára tí táyà aláìlágbára bá lè gbé di ìlọ́po. Bí táyà bá wà lófuurufú, òdo ni, ìlọ́po òdo sì ni òdo. Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ni kí ẹ yẹ̀ wò, kí táyà má baà máa gbéra.

Nọ́ńbà ara ike

75W-90, 80W-90, 75W-140: bí ọ́ìlì ṣe nípọn tó ni wọ́n ń sọ, wọn kò sọ bóyá ó ní LS. Nọ́ńbà tó ní W jẹ́ ti òtútù. 75W gbọ́dọ̀ ṣì máa ṣàn bí òtútù bá tó 40 lábẹ́ òdo Celsius. 80W, 26 lábẹ́ òdo. Kò sí ìgbà tí Coventry tutù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà 80W tó fún ọkọ̀ ojú títì níbí. Èmi fúnra mi fẹ́ràn 75W-90 onísíńtẹ́tíìkì, torí ọ́ìlì inú dífù yìí kò pọ̀: lítà kan ni ti MX-5 1.8, ti Sierra kò tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn ló ń gbé gbogbo ooru, nínú ihò tóóró lẹ́yìn ìjókòó tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀.

Ẹ má fi nọ́ńbà gíà wé ti ẹ́ńjìnnì. Ìwọ̀n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ooru bá tó 100 Celsius, ọ́ìlì gíà 90 kò nípọn ju ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 40 tàbí 50 lọ. Ní ti 140, ó nípọn púpọ̀ ju ìyẹn, mo sì máa ń rí àwọn tó ń rà á torí pé nọ́ńbà rẹ̀ tóbi. Ọkọ̀ irú Seven kò wúwo ju nǹkan bí ìdajì Sierra lọ. Dífù tó gbé Sierra tọ̀sán-tòru pẹ̀lú 90 kò nílò 140 láti gbé e lọ sí Stoneleigh nítòsí ibí. Ẹni tó ń sáré yípo pápá ìdíje fún ìgbà pípẹ́, tó sì rí i pé ọ́ìlì òun ń gbóná kọjá ààlà, òun ni 140 tọ́ sí.

Bí ọ́ìlì bá ṣẹ́kù nínú ike, ẹ má rò pé ẹ lè fi rọ gíà (gearbox). Idẹ ni wọ́n fi ṣe synchro, òrùka tó ń jẹ́ kí gíà wọlé wọ́ọ́rọ́, inú ọ̀pọ̀ gíà àtijọ́, bíi Ford Type 9 tó wà nínú ọ̀pọ̀ Seven, èròjà GL-5 sì lè máa jẹ irin bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìwé gíà yẹn bá ní kí ẹ lò ni kí ẹ rà fún un.

Rírọ ọ́ìlì náà

Bóòtù tí a ń gbà rọ ọ́ìlì sínú ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Bó bá ti ìpẹtà di, tí kò ṣeé tú, ẹ ṣì ní ọ́ìlì nínú dífù, ẹ ṣì lè wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa bá yín tú u. MX-5 ní bóòtù méjèèjì. Dífù Sierra kò ní ti ìsàlẹ̀. Ẹ ó fi páńpù kékeré àti họ́ọ̀sì fà á jáde láti ihò òkè nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, tàbí kí ẹ tú ìdérí ẹ̀yìn. Ẹ wo ohun tó jáde. Ìyẹ̀fun eérú tó lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì kò burú. Èérún irin tí ìka lè mú, ìyẹn ní kí ẹ ṣí dífù náà.

Ẹ rọ tuntun títí á fi máa kán létí ihò. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró dọ́gba nígbà náà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn nìkan lẹ gbé sókè, ibi tí ọ́ìlì máa dé kì í ṣe ibi tó yẹ. Ẹ gbé iwájú náà lé sítáàńdì. Àwọn kit car kan sì wà tí férémù wọn gbé imú dífù sókè ju bó ṣe wà nínú ọkọ̀ tó ti wá, ti irú wọn, iye lítà tí ẹni tó ṣe férémù kọ ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe etí ihò. Ẹ tún wo ihò afẹ́fẹ́ orí dífù, torí ẹni tó kun ún lọ́dà lè ti fi ọ̀dà dí i. Bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè jáde, ọ́ìlì á gba ojú séèlì jáde, ẹ ó sì máa pààrọ̀ séèlì tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára dífù: irú LSD, orúkọ ọ́ìlì, ọdún. Ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín á mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ́ìlì àtijọ́ ń lọ sínú ike tó ní ìdérí, títí dé ibi ìkódọ̀tí káńsù tí wọ́n ti ń gbà á. Ẹ má dà á sí gọ́tà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á jáde nígbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún ṣí bóòtù òkè wò. Ọ́ìlì máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ bó bá ti wọ gbogbo kọ̀rọ̀, ẹ sì máa ní láti fi ìwọ̀nba kún un.